Owó Àjọ Tí Mo Fi Po Fúláwà

Owó tí mo fi ra fúláwà yẹn kì í ṣe tèmi. Owó àjọ ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná, orí bọ́tà àti ooru ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn, àfi bí ẹni pé oòrùn Bouaké ló wọ yàrá mi tó ṣí àpótí. Oòrùn kò ṣí àpótí. Èmi ni mo ṣí i.

Ẹni tí kò bá gbé ìlú yìí rí lè má mọ ohun tí àjọ jẹ́ fún wa. Anàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Côte d'Ivoire, àwọn ará Èjìgbò ló sì pọ̀ jù nínú wa. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké ní oṣù kẹsàn-án 2002, tí ìlú ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou ní oṣù kẹta 2007, àwọn báńkì ti ilẹ̀kùn wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa sá lọ sí Abidjan, àwọn mìíràn padà sílé. Àwọn obìnrin tó dúró, àjọ ni wọ́n fi ra ọjà, òun ni wọ́n fi san owó ilé ìwé ọmọ, òun náà ni wọ́n fi sin òkú. Ìyá ọkọ mi ló ń gbà á nígbà náà. Kò sí báńkì, kò sí ìwé. Ẹnu màmá ni ìwé. Nígbà tí ara wọn kò gbé wàhálà mọ́, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe di alájọ nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London ló fi sikọ́ọ̀nù mọ̀ mí. Kì í ṣe búrẹ́dì, kì í ṣe kéèkì, kò sì ní yíìsì nínú; béékìn páúdà ló ń gbé e sókè. Nígbà ìwọ́wé, nínú oṣù kẹwàá, tí òtútù bá ti ń wọlé lọ́dọ̀ wọn, á wọn fúláwà gíráàmù 225, bọ́tà bíi 50, ṣúgà díẹ̀, mílíìkì, àti ẹ̀kúnwọ́ èso àjàrà gbígbẹ. Orí ìka ló fi ń ra bọ́tà tútù náà mọ́ fúláwà títí á fi rí bíi gàrí. Lẹ́yìn náà ló máa da mílíìkì sí i, á pò ó ṣókí, á gé e róbótó, á sì tì í bọ inú iná tó ti gbóná dé 220°C. Ìṣẹ́jú 15 kì í pé kó tó wú. Mo jẹ ẹ́ nílé rẹ̀ nígbà tí mo lọ kí i. Nígbà tí mo padà dé, mo ṣe díẹ̀ nínú ààrò gáàsì tèmi, lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Ó dára. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè sí i, mo sì gbà lọ́kàn mi pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 2024, Nàìjíríà na Angola ní àmì ayò kan sí òdo nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé Bouaké ni wọn yóò ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá, ní Stade de la Paix, lọ́jọ́ 7. Inú wa dùn dé góńgó. Àwọn àgbà wa ṣì ń rántí 1984, nígbà tí Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré kan náà. Gbogbo Anàgó Abidjan ló ń múra láti wọkọ̀ wá, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 350, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ láti Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ebi á pa wọ́n. Atíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, gbofloto tó jọ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù sì wà ní gbogbo oríta. Mo fẹ́ gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí jáde ní ìlú yìí. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ dé Abidjan pé obìnrin Anàgó kan wà ní Bouaké tó ń ṣe ti òyìnbó.

Owó tó wà nínú àpótí jẹ́ 600,000 sẹ́fà. Ọjọ́ 8, ọjọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ni ẹni tó kàn máa wá kó o. Mo ṣírò rẹ̀ dáadáa. N ó mú un lọ́jọ́ Ajé, n ó dá a padà lálẹ́ Ọjọ́rú, èrè á sì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí owó ẹlòmíràn wà lọ́dọ̀ yín bí ẹ ṣe ń ka èyí: owó ẹgbẹ́, owó ìjọ, owó tí ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ bá òun fi ra ilẹ̀. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà kò jọ èrò olè rárá. Ká ní ó jọ ọ́ ni, ẹ̀rù ì bá bà mí. Pẹ̀lú ìṣirò ló fi wá, pẹ̀lú ọjọ́ tí owó máa padà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa gbà á. Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà lé e lórí.

Mo ra fúláwà lápòlápò, mo ra bọ́tà, mo ra mílíìkì, mo háyà àga àti agbòòrùn. Mo ní kí wọ́n tẹ orúkọ mi sára àpò bébà, lẹ́tà ńlá, àwọ̀ ewé. Owó àpò náà nìkan, bí mo bá rántí, inú mi máa ń bàjẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ń jẹ orúkọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ dín owó kù ni èso. Àjàrà gbígbẹ wọ́n, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Ọ̀pẹ òyìnbó kò wọ́n. Mo gé e wẹ́wẹ́, ó kún bàsíà, omi rẹ̀ ń ṣàn.

Aládùúgbò mi kan ń ta dèguè, ìyẹn jéró tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà. Ó rí mi níbi tí mo ti ń bó ọ̀pẹ òyìnbó, ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sì sọ fún un.

"Tantí, ẹ má fi í sínú mílíìkì ní tútù o. Á korò. Ẹ kọ́kọ́ sè é lórí iná."

Ọmọdé ni sí mi. Kò lọ sílé ìwé. Mo ní kó máa bójú tó jéró rẹ̀, pé London ni ohun tí mò ń ṣe ti wá. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àbúrò mi náà kìlọ̀ fún mi lórí fóònù. Ó ní kí n ṣe ẹyọ mẹ́fà wò ná bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ èso. Mo ní kò sáyè. Àyè wà, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí kò sí ni ìrẹ̀lẹ̀ tí èèyàn fi ń dán nǹkan wò.

Ẹnì kẹta tó kìlọ̀ fún mi ni oníbúrẹ́dì tí mo yá ààrò rẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, èéfín ti sọ gbogbo ìpéǹpéjú rẹ̀ di pupa. Ó ní òun á fún mi láyè lẹ́yìn búrẹ́dì òwúrọ̀, ṣùgbọ́n àlejò ti kún ìlú, òun kò lè sọ aago kan pàtó. "Tantí, ẹ má po nǹkankan títí tí n ó fi ránṣẹ́ pè yín. Ooru kò dára fún un." Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́. Ìdájí Ọjọ́rú, mo jí, mo po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè wà ní sẹpẹ́.

Kò ránṣẹ́ títí oòrùn fi kọjá àtàrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bàsíà wọ̀nyẹn ní gbogbo àkókò náà, nítorí ẹ̀yin náà lè fẹ́ ṣe é. Bọ́tà tútù ló ń fún sikọ́ọ̀nù ní ìpele. Ó gbọ́dọ̀ wà ní wóróworo láàárín fúláwà títí dé inú ààrò, kí iná gbígbóná tó bá a lójijì, kí omi inú rẹ̀ di ooru, kó sì ti fúláwà sókè. Bọ́tà máa ń yọ́ bí ooru bá ti ń lọ bíi 32 sí 35°C, ooru ọ̀sán oṣù kejì ní Bouaké sì máa ń débẹ̀. Tèmi ti yọ́ tán, fúláwà ti mu ún. Béékìn páúdà náà kì í dúró deni. Gbàrà tí omi bá ti kàn án ló ti ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé oúnjẹ sókè ti bá tirẹ̀ lọ kí iná tó rí i. Nígbà tí mo rí i pé omi èso ti sọ ọ́ di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, mo da fúláwà sí i láìfi páúdà kankan kún un. Mo wá fọwọ́ ara mi parí ohun tó kù.

Ti ọ̀pẹ òyìnbó ló burú jù. Ohun kan wà nínú omi rẹ̀, òun ló máa ń ta wá lẹ́nu bí a bá jẹ ẹ́ jù. Ohun náà ń fọ́ èròjà tó ń gbéra dúró nínú fúláwà, ó ń fọ́ ti inú mílíìkì pẹ̀lú, bó bá sì pẹ́ nínú mílíìkì, á mú un korò. Iná ló ń pa agbára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti inú agolo kì í fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sè é. Ọmọ tó ń ta dèguè kò mọ orúkọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Wàrà ló ń fọwọ́ kàn láràárọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

Wọ́n jáde nínú ààrò. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yìn pọ́n, inú tutù. Mo bu ọ̀kan jẹ.

Ó korò.

Ó yẹ kí n dá a dúró níbẹ̀. Mo kó wọn sínú àpò tó ní orúkọ mi, mo sì gbé wọn lọ sí ojú ọ̀nà pápá ìṣeré. Mo mọ̀ pé ó korò, mo sì tà á fún àwọn èèyàn mi tó ti wà lórí ìjókòó ọkọ̀ láti òru. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé àti funfun gé e jẹ, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó sì wò mí. "Màmá, kí lẹ fi sí i?" Ohùn jẹ́ẹ́ ló fi béèrè. Kò béèrè owó rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e béèrè tiwọn, mo sì dá a padà.

Aago márùn-ún ni bọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti South Africa bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo láti ìta. Troost-Ekong tiwa gbá pẹnárítì wọlé, ariwo sọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, South Africa náà gbá tiwọn wọlé, gbogbo ìta pa lọ́lọ́. Nígbà tó di pé kí wọ́n máa gbá pẹnárítì lọ́kọ̀ọ̀kan, Nwabali, aṣọ́lé wa, mú méjì, a sì borí pẹ̀lú mẹ́rin sí méjì. Anàgó ń jó ní títì. Mo ti dúró de ọjọ́ yẹn láti ìgbà èwe mi, n kò sì lè jó.

Ẹni tó kàn dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù kan, onílé ní kó mú owó oṣù mẹ́fà wá kí ọjọ́ náà tó parí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á. Ó jókòó. Mo fún un lómi. Mo ní owó kò sí.

Ó rò pé olè ló jà mí. Ó ti ń kí mi kú ewu kí n tó ṣàlàyé.

Ẹlòmíràn gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ kan náà. Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ti tajà títí òjò fi dé, tó sì ba díẹ̀ nínú aṣọ rẹ̀ jẹ́. Mo ta firísà mi, mo ta aṣọ òkè ìgbéyàwó mi, mo san èyí tí mo lè san, mo sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Owó tán. Ṣọ́ọ̀bù kò padà.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mi: "Ṣé ìwọ lo mú un?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀pá wọn wá, a sì lọ sí ilé àwọn obìnrin tó ń dá àjọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi gbogbo ni màmá ti kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, níwájú àwọn tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gba àjọ yẹn la ogun kọjá láìjẹ́ kí kọ́bọ̀ kan sọnù.

Àwọn obìnrin náà kò bú mi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n ní kí màmá dìde. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àjọ fún obìnrin tí mo jẹ lówó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì wà títí di òní. Mo ń mú tèmi lọ fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé lójú mi, á ní kí n fọwọ́ sí i.