Ọjà Ìtòkú àti Orúkọ Àdìrẹ

Kí olùkọ́ èdè Yorùbá tó kọ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ sí ojú pátákó, ó yẹ kí ó dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àdìrẹ, ohun tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó. Iṣẹ́ aró kì í ṣe tuntun sí wọn, ṣùgbọ́n aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti ìlú Òyìnbó ni ó sọ òwò náà di ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń di aṣọ, tí wọ́n ń rẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń pàtẹ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń ti ilẹ̀ Gánà òde òní àti Sẹ̀nẹ̀gà wá rà á.

Wàhálà dé nígbà tí kọ́sítíìkì sódà dé. Tẹ́lẹ̀ rí, omi eérú ni aláró máa ń sẹ́ láti fi po ewé èlú, ọjọ́ púpọ̀ ni yóò sì fi dúró kí aró tó pọ́n. Sódà gé ọjọ́ náà kúrú. Nígbà tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń tètè gbó, pé àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣí, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà. Ní 1936, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Lójú ààfin, orúkọ rere ọjà ni ó wà nínú ewu. Lójú àwọn obìnrin náà, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ó ṣòro láti dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi, nítorí ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀ láti 1929.

Síbẹ̀, aṣọ tí a fi sódà rẹ, àdìrẹ ni. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ pàápàá, tí a kò dì rárá, tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ láfún ni a fi ya àrà sí i lára, ọjà gbà á sínú orúkọ náà nítorí pé ó wọ inú ìkòkò aró. Ti òde òní ni ó le. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àrà àdìrẹ sí lára, tí a kó wá láti Ṣáínà, ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fi ọwọ́ ṣe. Owó rẹ̀ kéré, orúkọ kan náà ni a sì fi ń polówó rẹ̀. A kò dì í, a kò rẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ mọ́fíìmù mẹ́ta tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lè yí aṣọ náà sí ẹ̀yìn kí ó tó sanwó, kí ó sì bi ìyá onísọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni ẹ rẹ nínú wọn?"