Abẹ́rẹ́ Méjìlá

Èmi ni mo ba oògùn bàbá mi jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò rán mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Mo bà á jẹ́ tán, mo tún parọ́ lé e lórí. Irọ́ yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Oògùn tó bàjẹ́, a ṣì lè ra òmíràn, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa gba oṣù mẹ́ta àti ilẹ̀ ọ̀pẹ kan lọ́wọ́ Bàbá.

Òkìtìpupa ni à ń gbé, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pẹ ni Bàbá fi tọ́ wa. Ẹni ọdún 68 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì lẹ́ẹ̀kan náà wá di ẹni tó ń dúró mí kó tó dé ilé ìwẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun pa á. A ní ibà ni. Nígbà tó yá, a ní ẹ̀jẹ̀ ló lọ sílẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò, a ń fún ewé ùgù, a ń pò ó mọ́ mílíìkì. Kò sí ẹni tó wá kí i tí kò mú ìgò kan dání. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa gbọ́ èyí dáadáa: kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá lọ sílẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ lè gbé dìde. A fi oṣù márùn-ún ṣòfò sídìí ùgù.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti gún egungun ìbàdí rẹ̀, tí wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ yẹ̀ wò. Myelodysplastic syndrome ni wọ́n pe orúkọ àìsàn náà, MDS ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ti Bàbá ń ṣe é o, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kú kó tó gbó. Bí dókítà ṣe ń ṣàlàyé, Bàbá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ó yé mi. Ẹbu ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹyìn ń jábọ́ láìpọ́n." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa yá ọ̀rọ̀ yẹn lò fún àwọn mìíràn.

Abẹ́rẹ́ epoetin ni wọ́n kọ fún un, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lábẹ́ awọ ikùn. Kíndìnrín wa fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe irú nǹkan yìí, òun ló fi ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i. Ọdún 1989 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́, fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ kánjú, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí a tó mọ̀ bóyá ara Bàbá gbà á. Ẹni tó ta oògùn fún mi wí pé inú fíríjì ni kí n gbé e sí, kí n má ṣe mì í. Mo ní mo ti gbọ́.

Fíríjì wo? Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tó yí i ká fi wà láìsí iná ọba. Fíríjì ilé wa ti di ibi tí à ń kó àwo sí. Aládùúgbò wa kan ń ta ẹja inú áìsì, ó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé fírísà rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà tọkàntọkàn. Mo fi ọ̀rá di páálí abẹ́rẹ́ náà, mo tì í sábẹ́ ẹja titus. Lójú mi, ohun tí fíríjì bá lè ṣe, fírísà á ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ mú ọ̀kan, omi inú sírínjì ti dì gbagidi, ó funfun bí àdí. Ọkàn mi sọ fún mi pé nǹkan ò dáa. Mo gbé e sínú ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo tẹjú mọ́ ọn. Funfun yẹn ń sá kúrò létí sírínjì, ó ń sún sí àárín, títí ó fi kù bí ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ̀wà náà sì yọ́. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Mo mí kanlẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń bá wa gún un dé, abẹ́rẹ́ tó ti yọ́ ni mo gbé fún un. N kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, PCV Bàbá, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 19. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, ó di 17. Dókítà wo ìwé náà pẹ́, ó bi mí pé, "Mà, inú fíríjì lẹ gbé oògùn yẹn sí, àbí?" Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rántí owó tí ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa tákísí ní Èkó ń fi ránṣẹ́. Ojú tì mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé epoetin kò ṣiṣẹ́ lára Bàbá. Ó ní ó kù kí a máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbàkígbà tó bá lọ sílẹ̀. Ó tún dárúkọ abẹ́rẹ́ mìíràn, luspatercept, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020 fún oríṣi MDS kan, fún àwọn tí irú epoetin kò bá ràn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gún un, ó máa ń ran ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gbó lọ́wọ́ kí ó lè gbó. Ó sọ fún wa kedere pé owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní bàbá ju ilẹ̀ lọ. Láàárín oṣù kan, ilẹ̀ ọ̀pẹ Bàbá tó wà lójú ọ̀nà Ìlútitun ti di ti ẹlòmíràn, torí irọ́ ẹnu mi.

Owó ilẹ̀ náà kò tó ra oògùn ọ̀hún, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí Bàbá lára. Fífa ẹ̀jẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀: páìntì kan ń gbé irin tó tó miligíráàmù 200 sí 250 wọ inú ara, ara kò sì ní ọ̀nà tó lè gbà dà á nù. Nígbà kẹta, òtútù mú un tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì ń gbọ̀n, mo fi ara mi bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbéyàwó nílé. Bàbá ti ra aṣọ òkè sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Òun ló yẹ kó gbàdúrà fún ìyàwó, lórí fóònù ló ti gbà á, ohùn rẹ̀ ń já.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń tú àpò mi wá owó mọ́tò, tí páálí abẹ́rẹ́ kan tó ti ṣófo bọ́ sílẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ iná. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete lédè Gẹ̀ẹ́sì pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó dì, pé ìwọ̀n òtútù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò láàárín dígírì 2 sí 8. Tíṣà ni mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ka ìtọ́ni kí wọ́n tó kọ ìdáhùn. Páálí mẹ́ta ni mo ti tú, n kò ka ọ̀kankan.

Láàárọ̀, mo lọ dúró de dókítà lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ ti gbé tòmátò sí fírísà rí? Tó bá yọ́, ó ṣì pọ́n, àmọ́ ẹ fọwọ́ kàn án. Bí oògùn yẹn náà ṣe rí nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ló kù." Lẹ́yìn náà ló fa ìlà gba orí ohun tó kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A tún epoetin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́ lọ gbé ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ra kúlà kékeré àti ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù. Mo máa ń fi táwẹ́lì wé abẹ́rẹ́ náà kí áìsì má bàa kàn án, mo sì ń gbé e lé itan títí a ó fi kọjá Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀, tí a ó fi délé, wọ́n á sì gún un fún Bàbá lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, PCV rẹ̀ di 26. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sí ẹbu, ó ń jókòó ti àwọn tó ń fún epo. N kò mọ bí mo ṣe lè dárúkọ ohun tó ń ṣe mí nígbà yẹn, torí gbogbo ìgbà tí inú mi bá dùn pé ó ń rìn ni mo ń rántí pé ó ti yẹ kó rìn bẹ́ẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Kò jẹ̀bi.

Bàbá ni mo sọ fún gbẹ̀yìn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, púpurú tí mo gbé fún un ṣì ń yọ èéfín láàárín wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ fírísà, mo sọ ọ̀rọ̀ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sọ ohun tí mo fi dá dókítà lóhùn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jókòó tì mí. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Mélòó ni abẹ́rẹ́ náà?"

Mo ní, "Méjìlá, Bàbá."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka, ó kà á tán ní mẹ́wàá, ó tún padà ka méjì sí i. Ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde, kí n bu omi ìṣanwọ́ wá fún òun.