Òdòdó Inú Òtútù àti Iṣu Bàbá Mi

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí ní Ṣábẹ, ṣùgbọ́n inú ọgbà kan ní ilẹ̀ Faransé ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé wíwò ni ó ṣáájú orúkọ.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ro ilẹ̀ kékeré kan nítòsí ìlú Rouen, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń pín fún ará ìlú láti fi gbin ẹ̀fọ́. Tòmátì àti ẹ̀wà ni mo ní lọ́kàn. Ní oṣù kejì ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí ilẹ̀ le bí òkúta tí igi gbogbo sì ti wọ́wé, ìyá àgbà tí ilẹ̀ wọn bá tèmi pààlà pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ní abẹ́ igi ápù wọn, àwọn òdòdó funfun kéékèèké tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn dorí kodò bí ọmọ tí ń kí àgbà. Perce-neige ni àwọn Faransé ń pè é, èyí tó ń la òjò dídì kọjá. Galanthus ni Linnaeus sọ ọ́ ní ọdún 1753, láti inú èdè Gíríìkì: òdòdó wàrà.

Mo ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú mi. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé ewé òdòdó mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní: mẹ́ta gígùn lóde, mẹ́ta kúkúrú nínú, àmì àwọ̀ ewé sì wà lára ti inú. Galanthus nivalis, èyí tó wọ́pọ̀ jù, ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́ àti àmì kan ṣoṣo. Ewé Galanthus elwesii fẹ̀, ọ̀kan sì wé mọ́ èkejì níbi tí wọ́n ti ń yọ nílẹ̀. Henry John Elwes ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó rí i nítòsí Smyrna ní ilẹ̀ Tọ́kì ní ọdún 1874. Etí ewé Galanthus plicatus ká sẹ́yìn bí ìṣẹ́tí aṣọ. Ewé Galanthus woronowii, ọmọ òkè Caucasus, ń dán. ‘Magnet’ ní ọrùn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń mì ín. Tí oòrùn ọ̀sán bá sì kan ‘S. Arnott’, òórùn oyin ni ẹ ó gbọ́.

Bí mo ṣe kó sínú ìfẹ́ wọn nìyẹn. Ní ìgbà ìwọ́wé tó tẹ̀ lé e, mo ra gbòǹgbò gbígbẹ 25, tí ó rí bí àlùbọ́sà kékeré. Mẹ́rin péré ló hù. Ìyá náà ṣàlàyé pé òdòdó yìí kì í fẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ gbẹ: bí ó bá ti tanná tán, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ni kí a hú u, kí a pín in, kí a sì gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n fún mi ní ìdì kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, wọn kò gba kọ́bọ̀. Àwọn mìíràn ń san owó ńlá. Ní ọdún 2012, gbòǹgbò kan ṣoṣo ti ‘Elizabeth Harrison’, tí àmì tirẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, di títà ní 725 pọ́n-ùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi lórí fóònù, ó bi mí bóyá wọ́n ń gún un níyán.

Ní ọdún kẹrin, òjò fọ tàdáwà kúrò lára gbogbo pákó tí mo kọ orúkọ sí. Ọkàn mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé mo mọ̀ wọ́n láti ara ewé, kí òdòdó tó là rárá. Nínú oríṣi méjìlá, ọ̀kan ni mo ṣì. Mo yangàn gidigidi.

Ní oṣù kejìlá tó kọjá, mo lọ kí bàbá mi ní Ṣábẹ. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, oko iṣu ni wọ́n sì fi tọ́ wa. Nínú àká, wọ́n ní, “Mú ebù laboko wá fún mi.” Mo na ọwọ́, mo mú ọ̀kan wá. Ta ni kò mọ laboko, tó ń tètè jáde, tí iyán rẹ̀ kò láfiwé? Lórí àwo ni èmi mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba iṣu náà, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ní, “Èyí ni… èyí ni…” Orúkọ náà kò wá.

Àbúrò mi dákẹ́ ẹ̀rín. Ó rọra ní, “Kokoro ni, Bàbá. Ti èlùbọ́.”

Èmi kò mọ̀ ọ́n nítorí pé n kò bẹ̀rẹ̀ wò ó rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ sì ti ń gbàgbé.

Nínú ìdílé òdòdó mi yìí ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ yọ èròjà galantamine ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, èyí tí àwọn dókítà ń lò fún àrùn ìgbàgbé tí a ń pè ní Alzheimer. Ó lè dín in kù fún ìgbà díẹ̀; kì í wò ó sàn. N kò sì lọ wá òògùn sínú ọgbà mi, nítorí májèlé ni gbòǹgbò òdòdó náà fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ òdòdó mi ni mo mú jáde. Mo yí i padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi jókòó sí ẹnu àká. Ní ọjọ́ kan, Bàbá a dá orúkọ mẹ́ta. Ní ọjọ́ mìíràn, wọn kì í dá ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí orúkọ kò tilẹ̀ wá, ọwọ́ wọn mọ ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ gbà, ẹnu wọn sì mọ ilẹ̀ tí iṣu náà ń fẹ́. Èyí náà ni mo ń kọ. Orúkọ mọ́kànlá ni a rí. Iṣu méjì kò ní orúkọ: mo kọ bí èèpo wọn ṣe rí àti bí inú wọn ṣe funfun tó.

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ má ṣe dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ní ti tiwa, àbúrò mi ti gbin iṣu méjèèjì náà sórí ebè ọ̀tọ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí ewé wọn yọ, yóò mú Bàbá lọ síbẹ̀, yóò sì gbé fóònù sún mọ́ ọn kí èmi náà lè rí i.