Oúnjẹ Ẹ̀yìn Dígí

Àwọn kan wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí àwọn ará Ṣáínà ń tà ní Amẹ́ríkà láìyọ ṣùtì. Wọ́n ní ayédèrú ni, pé baba ẹni tí ó ń sè é kò jẹ ẹ́ rí. Òótọ́ kúkú ni. Ọ̀gágun Tso, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe adìẹ dídín aládùn, ti kú láti 1885. Kò fi kan ẹnu rí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó bi wọ́n ní ohun tí ó lé wọn dé ìdí agbada? Ní 1882, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dínà mọ́ òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà. Oníṣòwò wà lára ìwọ̀nba ènìyàn tí ọ̀nà ṣì là fún. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ka onílé-oúnjẹ kún oníṣòwò ní 1915, agbada di ìwé ìrìnnà. Ẹni tí kò dáná rí nílé baba rẹ̀ wá ń wojú oníbàárà se ọbẹ̀: wọ́n fẹ́ adùn, ó bu ṣúgà sí i, wọ́n kórìíra egungun, ó yọ egungun dànù. Òfin ọ̀hún kò kúrò nílẹ̀ títí di 1943.

Ní àwọn àdúgbò mẹ̀kúnnù kan ní Philadelphia, dígí tí ọta kò lè là ni ó dá alásè àti oníbàárà láàárín. Ihò kékeré ni owó ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ìrẹsì dídín àti apá adìẹ ń gbà jáde, tí aáyù àti atalẹ̀ ń ta sánsán lára wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣòfin ní 2017 lórí irú dígí bẹ́ẹ̀ ní ilé oúnjẹ tí ń ta ọtí, aáwọ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní àrífín ni kí a máa ti oúnjẹ sí ènìyàn bí ẹni ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn ọlọ́jà ní òun ni ó ń gba àwọn lọ́wọ́ adigunjalè. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn.

Bí èrò bá dá lọ́sàn-án, ìdílé alásè a jókòó jẹ tiwọn: ìrẹsì funfun, ẹja torí-tìrù, ẹ̀fọ́. Èyí kò sí lára àwọn àwòrán olónọ́ḿbà tí ó wà lára ògiri. Oníbàárà tí ó ti ń jẹun lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n mọ̀ pé kì í jẹ àlùbọ́sà, dúró níwájú dígí, ó ń wo àwo náà. Ó fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti rí i. Ó gbé igi ìjẹun sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì ti pe nọ́ḿbà rẹ̀ fún un kí ó tó lanu.