Nígbà tí Ọ̀nà Odò Ọya Dí Mọ́ Wa ní Tchatchou

Láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ ti ń bi wá léèrè pé báwo ni odò Ọya ti rí. Ìdáhùn wa ni pé a kò dé ibẹ̀. Tchatchou ni a dé, ibẹ̀ náà ni a sì ti padà. Síbẹ̀, ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ yóò wúlò fún ìdílé tí ó bá ń fi owó pamọ́ nítorí ìrìn-àjò, ìbáà ṣe ti bọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe ti ọkọ̀ òfúrufú, tàbí ti ọkọ̀ ojú omi ńlá tí àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ń wọ̀ ṣe fàájì.

Àwa mẹ́sàn-án láti ìdílé mẹ́ta ni a jọ lọ. Àgbà wa ni Màmá, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọkọ Màmá, tí ó ti di olóògbé, a máa lọ ra àlùbọ́sà ní Malanville nígbà ayé rẹ̀. Ó ṣèlérí lọ́pọ̀ ìgbà pé òun yóò mú ìyàwó òun lọ wo odò Ọya níbi tí ó ti pààlà láàrin ilẹ̀ Benin àti ilẹ̀ Niger, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ń kó èrò lọ síbẹ̀, tí wọn yóò fi ọkọ̀ gbé wọn lórí odò, tí wọn yóò sì mú wọn gba orí afárá dé Gaya ní òdìkejì, Màmá ni ó kọ́kọ́ san owó tirẹ̀. Owó èésú oṣù mẹ́wàá ni. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ni a wá rò.

A kúrò ní Èkó ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2023. A gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọ Kútọnu, a sì sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a mú ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí àríwá: a kọjá Bohicon, a kọjá Ìdáàṣà tí òkè yí ká, a kọjá Ṣábẹ̀, a sì dé Tchaourou. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò lè ṣìnà ní ọ̀nà yìí, nítorí pé àwọn Ìdáàṣà, àwọn Ṣábẹ̀ àti àwọn Nàgó Tchaourou, ọmọ ìyá wa ni gbogbo wọn, bí ahọ́n tilẹ̀ yí díẹ̀. Tchaourou yìí náà ni ìlú Thomas Boni Yayi, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Benin láti 2006 títí di 2016. Bí a bá kúrò níbẹ̀ tí a kọjú sí Parakou ni a ó kan Tchatchou. Abẹ́ Tchaourou ni ó wà, ní ẹkùn Borgou, ṣùgbọ́n èdè Ìbàrìbá ni etí ń gbọ́ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ti Fúlàní.

Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ọmọ Nàgó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́kọ sí Tchatchou. Ilé wọn ni a dé sí, kí a lè sinmi kí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ náà tó wá gbé wa ní Parakou ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí, Ìbàrìbá ni, àgbẹ̀ sì ni. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é.

Ìlú etí ọ̀nà ni Tchatchou. Tọ̀sán-tòru ni tírélà ń kọjá, àwọn kan ń ti èbúté Kútọnu gbé ẹrù lọ sí Niger, àwọn kan ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yà kúrò ní títì díẹ̀, oko ni. Ìgbà òjò ni a dé ibẹ̀: àgbàdo ti yọrí, ebè iṣu lọ súà, igi ẹmi sì dúró láàrin oko, tí ẹnikẹ́ni kì í gé e, nítorí òrí tí àwọn obìnrin ń fi èso rẹ̀ ṣe. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà kiri, èyí tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè tí ó fi pupa. Àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ sá fún pupa rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò, a kò rí tiwa jẹ mọ́.

Kí a má parọ́, a ti gbọ́ kí a tó kúrò nílé pé ní ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù keje, àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey. A pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kò séwu. A gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé ohun tí a fẹ́ gbọ́ ni. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30, àwọn olórí ilẹ̀ ECOWAS pàdé ní Abuja, wọ́n sì ní kí a ti gbogbo ẹnubodè tí ó wọ Niger. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ kúkúrú wọlé sórí fóònù wa. Wọ́n ní ìrìn-àjò kò ní wáyé mọ́, kí a má bínú, owó wa yóò wà lọ́wọ́ àwọn di ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin ará, ilé gbóná. Ẹni tí ó mú ìròyìn ètò náà wá ni gbogbo ojú yí sí. Ọ̀kan ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ní owó ilé-ìwé ọmọ òun wà nínú owó náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa di àpò rẹ̀, ó ní òun yóò dá lọ sí Malanville, ṣebí ilẹ̀ Benin ni, kò sẹ́ni tí ó ti etí odò. Màmá nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo títì.

Bàbá gbọ́ ariwo, ó bọ́ sí àárín wa. Ó ní kí a má ṣe rò pé àwa ni a kọ́kọ́ jókòó ti ẹrù ní agbègbè náà. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ojú irin fún wa. Nígbà tí àwọn Faransé la ojú irin láti Kútọnu, ilẹ̀ Niger ni wọ́n ń fojú sùn. Nínú àwọn ọdún 1930 ó gba Tchaourou kọjá, ó dé Parakou, 438 kìlómítà, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí. Ní 1959, ilẹ̀ Dàhòmì, tí í ṣe Benin lónìí, àti ilẹ̀ Niger dá ilé-iṣẹ́ àjùmọ̀ní kan sílẹ̀ fún ojú irin, tí a wá pè ní OCBN lẹ́yìn náà. Síbẹ̀ irin kò kọjá Parakou. Ọkọ̀ ẹrù ni ó ń gba ẹrù níbẹ̀ lọ sí Niger. Ní 2014 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì. Wọ́n tẹ́ irin láti Niamey dé Dosso, bí 140 kìlómítà, wọ́n ṣí i ní 2016, ṣùgbọ́n kò pàdé ti Parakou. Ọkọ̀ ojú irin tí ń kó èrò pàápàá dáwọ́ dúró nígbà tó yá.

Bàbá ní: “Àwọn obìnrin tí ń ta iṣu níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe? Ẹni tí ó jókòó ti irin kò rí ẹni bá a ná ọjà. Ẹni tí ó gbé igbá rẹ̀ wá sí etí títì ni ó jẹun. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó fi owó ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó la ojú wa. Ọ̀kan nínú wa rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí àrùn kòrónà tàn ká, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń kó èrò ṣe fàájì dúró káàkiri ayé. Ní Amẹ́ríkà, ó di oṣù kẹfà ọdún 2021 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti èbúté ibẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi ohun méjì lọ àwọn tí ó ti sanwó: ẹ gba owó yín padà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ wa, a ó fi díẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ẹni tí ó san 100 yóò rí ìrìn-àjò 125. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2020 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Cruise & Maritime Voyages ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá sílé. Ẹni tí owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní láti máa wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó dúró fún un.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà láti 2018 fún ètò tí owó ọkọ̀ àti ti ilé ìsùn papọ̀: bí ilé-iṣẹ́ bá fagi lé e, ọjọ́ 14 ni ó ní láti fi dá owó padà. Òfin yẹn kò dé Tchatchou. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kò gbọdọ̀ di owó iṣẹ́ mú. Pẹ̀lúpẹ̀lú, ojú wa ni náírà ṣe já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 yẹn. Owó tí ó bá sùn lọ́dún kan kì í jí pẹ̀lú agbára tí ó fi sùn.

A jókòó yí Bàbá ká, a sì fẹnu kò. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má dá ẹni tí ó mú ètò náà wá lẹ́bi mọ́. Òun náà sanwó tirẹ̀. Èkejì, kí olúkúlùkù mú rìsíìtì rẹ̀ wá. Màmá tú etí ìró rẹ̀, tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó ká a sínú ọ̀rá. Àwa méje ni a rí tiwa. Àwọn méjì yòókù fi owó rán ọ̀rẹ́ ni, wọn kò gba ìwé kankan. Ẹ̀kẹta, kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó sì máa kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, owó ni a fẹ́, kì í ṣe ìlérí.

Nípa ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, Bàbá ní láti Tchatchou dé Malanville lé ní 300 kìlómítà, àti pé ẹnubodè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tì kì í ṣe ibi ìran. Ó tú àpò rẹ̀. A dúpẹ́ pé ó gbọ́ràn, nítorí kò pẹ́ tí a gbọ́ bí tírélà ṣe tò ní ìlà gígùn ní Malanville, tí àwọn awakọ̀ ń sun abẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí ECOWAS ká òfin náà kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, ìhà Niger kò ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a sì lọ bá wọn lẹ́ẹ̀kan ní Parakou. A kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn ti san àsansílẹ̀ ní ilé ìsùn Malanville. A gbà kí wọ́n yọ ìyẹn, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ hàn wá. Ṣáájú ìparí oṣù kẹjọ, owó àwa méje wọlé. Àwọn méjì tí kò ní rìsíìtì, títí di bí a ṣe ń kọ èyí, wọn kò rí kọ́bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a tún lò ní Tchatchou. Àwọn ọmọ bá àwọn ọmọ ilé lọ ṣa èso ẹmi, wọ́n kọ́ bí a ti ń kí ni ní èdè Ìbàrìbá. Iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ìyàwó Bàbá gún iyán fún wa. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, ọkọ̀ àlùbọ́sà kan dúró ní etí títì. Malanville ni ó ti gbéra kí wọ́n tó ti ọ̀nà, ó bàjẹ́ lọ́nà ni. Màmá lọ bá awakọ̀ náà. Ó ní kí ó sọ bí odò Ọya ti rí fún òun. Ọkùnrin náà nawọ́ sí igi kan lókèèrè, ó ní odò náà fẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, pé nígbà òjò ó máa ń wọ inú oko ìrẹsì. Màmá dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó sì ra àlùbọ́sà apẹ̀rẹ̀ kan. Nígbà tí a ní ó ti wúwo jù láti gbé délé, ó dá wa lóhùn pé, “Irú èyí ni ọkọ mi máa ń rà bọ̀.” Àwa ni a gbé e.

Màmá kò tíì rí odò náà. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀nà bá là, òun ni yóò yan ẹni tí yóò bá lọ.

Ẹ̀yin ìdílé wa, bí ẹ bá fẹ́ sanwó ìrìn-àjò, ẹ béèrè kí ẹ tó san án pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣeé ṣe mọ́. Ẹ má fi owó rán ẹnikẹ́ni láìgba ìwé. Bí ọ̀nà bá sì dí mọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ àárín yín dí pẹ̀lú rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwa mẹ́sàn-án ni a jọ lọ, àwa mẹ́sàn-án náà ni a jọ padà, a ṣì ń kí ara wa. Ire o.