'Borrow' Fẹ́rẹ̀ Sọ Ìyá Mi Di Onígbèsè

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtìjú ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Bàrígà lónìí, ìwé àdéhùn tí mo kọ́kọ́ kọ láyé mi, díẹ̀ ló kù kí ó kó bá ìyá tó bí mi.

Ní 1994 ni. Aṣọ ni ìyá mi ń tà. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà wá yá 10,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí i. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, mo fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fọ́rífọ́rí. Mo kọ ọ́ lórúkọ ìyá mi pé: "I borrowed her 10,000 naira."

Nígbà tí ọjọ́ àtisan pé, ọmọ obìnrin náà, tí ó mọ̀wé jù mí lọ, ka ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹni tó bá 'borrow' ló gba owó. Ìyá tìrẹ ló jẹ wá ní gbèsè." Ọlọ́run ló yọ wá, ìyálọ́jà tí owó náà ṣojú rẹ̀ ló jẹ́rìí kí wọ́n tó san án.

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń sọ méjèèjì. "Mo yá a lówó": owó ti ọwọ́ mi jáde. "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀": owó wọ ọwọ́ mi. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fúnni ló ń "lend", ẹni tó gbà ló ń "borrow".

Láìpẹ́ yìí, mo gbé káàdì ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ibi tí mo kọ "lent" sí, ó ti yí i sí "borrowed". Ó ní bí gbogbo Èkó ti ń sọ ọ́ nìyẹn, àti pé ṣebí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba "next tomorrow" wa wọlé ní 2020? Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀túnla tí a fi Gẹ̀ẹ́sì pè kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. "Borrow" lè sọ olówó di onígbèsè.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá ń yáni lówó, ẹ fi èdè tó yé yín kọ ọ́: ẹni tó fúnni, ẹni tó gbà, iye owó, ọjọ́ àtisan, àti ẹlẹ́rìí. Ìyá mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kì í tẹ̀ka sí ìwé kankan tí a kò bá kà sí i létí ní Yorùbá.