Ọjọ́ Mọ́kànlélógójì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ará Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, àti ẹ̀yin onílé wa ní Côte d'Ivoire, ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí léèrè ohun tí mo ń wá ní etí ọ̀nà Grand-Bassam ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí mo gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tí onílé lé jáde. Àwọn awakọ̀ gbàkà pàápàá a máa dúró, wọn a ní kí n wọlé, wọ́n ṣe bí owó ọkọ̀ ni n kò ní. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá gbogbo yín lóhùn tẹ́lẹ̀. Lónìí n ó sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 2018, àìsàn dá ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo dùbúlẹ̀ ní Abidjan níhìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi sùn sí ilé ìwòsàn. Ní òru ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ náà bá dìde, òun yóò fi ẹsẹ̀ òun méjèèjì rìn lọ sí Santiago de Compostela ní ilẹ̀ Spéìn, níbi tí àwọn Kátólíìkì gbà pé ibojì Jákọ́bù Mímọ́ Àpọ́sítélì wà. Ọmọ dìde. Ìyàwó mi ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ àti owó sínú rẹ̀ ní alaalẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti ọjà Treichville dé. Ní ọdún 2021 ọlọ́jọ́ dé bá a. Gbogbo ìrìn tí ó rìn kò ju ti orí ìwé náà lọ.

Mo tọ Fadá wa lọ. Ó dá mi lóhùn pé nínú òfin ìjọ, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ nìkan ni ẹ̀jẹ́ dè. Kò dè mí rárá. Àbúrò bàbá mi ránṣẹ́ láti Èjìgbò pé kí n kúkú fi owó tíkẹ́ẹ̀tì náà tún òrùlé ilé bàbá mi ṣe. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ṣí ìwé náà, mo ń rí ibi tí ó ti fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan: "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ má ṣe rò pé ohun àjèjì ni kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn lọ sìn. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé, àwọn Mùsùlùmí apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà a máa gba orí ilẹ̀ kọjá Ṣáàdì àti Sùdáánì lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹlòmíràn fi ń wà lójú ọ̀nà, tí yóò máa ṣiṣẹ́ jẹun, tí yóò máa bímọ. Ohun tí wọn kò ní ni tíkẹ́ẹ̀tì tí a kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí lára. Èmi ní in, òun gan-an sì ni ó ń lé mi kiri.

Ọ̀nà tí ó lọ sí Santiago pọ̀. Èyí tí ìyàwó mi yàn bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port, ìlú kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè Pyrenees ní ilẹ̀ Faransé, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 780. Kò di dandan kí ènìyàn rin gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 100, ó kéré tán, dé Santiago, tí ó sì gba òǹtẹ̀ sínú ìwé arìnrìnàjò rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò gba ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà ìlú Sarria ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan sì ti tó wọn. Ní ọdún 2024, àwọn tí ó gba ìwé ẹ̀rí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000. Àwọn ará Yúróòpù mìíràn a tilẹ̀ máa gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́: wọn a rin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún yìí, wọn a sì padà wá rin òmíràn ní àmọ́dún. Mo ń ṣe ìlara wọn. Fún ẹni tí ó ń ti Abidjan lọ, gígé kọ̀ọ̀kan jẹ́ físà kan, àti ìwé adójútòfò kan tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò, àti wákàtí mẹ́fà ó lé nínú ọkọ̀ òfuurufú kí a tó rí Paris. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àpò mi lè gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti físà díẹ̀, nítorí ẹ lè nílò rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Paris ni ọkọ̀ mi yóò bà sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba Spéìn ni mo ní láti tọrọ físà, nítorí òfin sọ pé ilẹ̀ tí ènìyàn yóò ti pẹ́ jù lọ ni kí ó tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ku oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò, a lè gbé ìwé wa lọ. Bí ó bá ku ohun tí kò tó ọjọ́ 15, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ń béèrè ẹ̀rí pé a ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá san gbogbo owó kí físà tó jáde, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta.

Tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ tàn mí jẹ. Mo rí i pé kí n lọ sí Paris, kí n sì ti Paris padà, ni owó rẹ̀ kéré jù, inú mi sì dùn. Ìgbà tí mo ṣí ìwé ìyàwó mi ni mo rí i pé ó ti rí ọ̀fìn yìí ṣáájú mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi tí ẹsẹ̀ yóò parí sí jìnnà réré sí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì ṣírò owó ọkọ̀ ojú irin, oúnjẹ àti ibùsùn tí yóò gbé ènìyàn padà sí Paris. Nígbà tí mo ro wọ́n pọ̀, èrè mi ti wọ omi. Nítorí náà, bí mo bá dé Paris, n ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bayonne, n ó sì ti ibẹ̀ wọ èyí kékeré tí ó ń lọ sí Saint-Jean. Bí mo bá ń bọ̀, n ó gba Madrid àti Casablanca wá sílé. Ọjọ́ méjì àlọ, ọjọ́ méjì àbọ̀.

Ọjọ́ ni ó wá kù, òun ni ó sì le jù. Ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ yóò ṣe ìdánwò BAC ní ọdún 2026 yìí. N kò lè fi í sílẹ̀ kí èsì tó jáde. N kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án lọ, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wọlé. Fadá ní kí n dúró di 2027, nítorí ọdún mímọ́ ni yóò jẹ́ ní Santiago, bí ó ti máa ń rí nígbàkígbà tí ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù, bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni ọdún 58 kì í ka kàlẹ́ńdà ìjọ.

Láti ọjọ́ 24 oṣù Keje sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 41 ni mo rí. Mo yọ mẹ́rin ti ọkọ̀ kúrò, ó ku 37. Ìwé ìyàwó mi ní kí a rìn fún ọjọ́ 33, kí a sì sinmi fún mẹ́rin. Lójú mi, àṣejù ni ìsinmi yẹn; mo fa igi lé e, kí n lè fi ọjọ́ mẹ́rin náà pẹ́ sí i nílé. Lẹ́yìn náà ni mo rìn dé Grand-Bassam lóòjọ́, nǹkan bíi kìlómítà 40, láì jókòó. Ìléròrò bo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ọjọ́ méjì ni mo sì fi jókòó kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Mo dá ìsinmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ipò wọn. Ìṣirò obìnrin náà pé géérégé, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó ṣẹ́ kù fún àìsàn tàbí ọkọ̀ tí ó pẹ́.

Ẹ̀rù èyí bà mí. Mo sọ fún ọmọ mi pé bóyá kí n bẹ̀rẹ̀ ní Sarria. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá mi, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní Sarria, inú mi yóò dùn, ẹ ó tètè dé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ẹ̀jẹ́ màmá mi ni ẹ san."

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí físà jáde, mo san owó lé owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀ lè ṣe é yí padà. Òrùlé Èjìgbò yóò dúró dè mí.

Ní Sátidé tí ó kọjá, èmi àti ọmọ mi gbé àpò náà tọ oníṣu kan lọ ní ọjà, ó bá wa gbé e lé òṣùwọ̀n. Àwọn tí ó ti rin ọ̀nà náà rí ní kí àpò má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹni tí ó gbé e lọ. Èmi sì wọn kìló 72. Kìló méje géérégé ni àpò náà, ìwé ìyàwó mi kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Ọmọ mi yọ ṣòkòtò kan jáde, ó fi ìwé náà sí i.